Ikú Ẹfúnṣetán: Ti Orí Ìtàgé àti Ti Inú Ìtàn

Nígbàkigbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé eré-onítàn Akínwùnmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), sórí ìtàgé, òkú ti jí nìyẹn. Ìyálóde Ìbàdàn tí ó ti papò dà láti 1874 a tún máa fi ohùn ara rẹ̀ pàṣẹ, àwọn ẹrú a sì máa gbọ̀n níwájú rẹ̀. Obìnrin tí ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, tí ó sì ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù lórí, kì í tètè kúrò lọ́kàn òǹwòran. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wò ó ní pápá ìṣeré Olúbàdàn ní 1981. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí Ẹfúnṣetán mìíràn mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tí ó ń múra ìdánwò. Nínú eré, Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ lẹ́yìn tí Látòósà ṣẹ́gun rẹ̀. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá a lọ sógun, kò fi ohun ìjà tàbí oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tí ó dé. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Àwọn ẹrú rẹ̀ ni a lò láti pa á lóru. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú aboyún kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe pé òǹkọ̀wé dédé pa irọ́ ìkà mọ́ ọn o. Johnson pàápàá mẹ́nu ba ìyà tí ó fi ń jẹ àwọn ẹrúbìnrin tí ó lóyún lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú. Májèlé náà sì bá eré mu gan-an: ẹni tí ó ti ń pàṣẹ ikú fún ọmọlọ́mọ ni ó pàṣẹ ti ara rẹ̀, Látòósà kò rí i mú ṣẹlẹ́yà pẹ́. Ṣùgbọ́n Látòósà jẹ èrè ọ̀fẹ́ níbẹ̀: ó di olùgbàlà ẹrú lórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ogun àti ọlá ni ó bá Ìyálóde fà. Olùkọ́ tí ó bá ń darí eré náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ tí ó ń ṣe Ààrẹ wọlé bí ẹni mímọ́. Kí ìlara hàn díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti eré-onítàn, májèlé ni ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ ti ìtàn Ìbàdàn, ọwọ́ ẹrú ni.