Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Gbìn

Ní Huanchaco, létí òkun Pẹrú, apẹja tó bá fẹ́ ọkọ̀ kì í wá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ṣe ló máa ń gbìn ín. Ẹ̀yìn etíkun ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò títí omi fi sun; ibẹ̀ ni wọ́n ń ri gbòǹgbò totora sí, koríko omi tó ń ga ju ènìyàn lọ, tí inú rẹ̀ rí fúkẹ́fúkẹ́. Bó bá gbó, wọ́n á gé e, wọ́n á sá a sóòrùn.

Dídì rẹ̀ ló wù mí jù. Ìdì ńlá méjì, ìdì kéékèèké méjì láàárín wọn. Wọ́n á fi okùn wé e, wọ́n á fà á le dan-in dan-in, títí imú ọkọ̀ náà yóò fi yọ sókè bí ìwo ẹfọ̀n. Àwọn ará Moche, tó gbé etíkun yìí láyé àtijọ́, ti ya irú rẹ̀ sára ìkòkò kí òyìnbó Sípéènì tó débẹ̀ rárá.

Kì í tọ́jọ́ o. Bí wọ́n bá ti òkun dé, òró ni wọ́n ń gbé e dúró kí omi lè ro dànù. Síbẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan, ó ti mumi yó. Wọ́n á tún padà sí kòtò, bí òkun tó ń jẹ etíkun kò bá tíì gbé e lọ.