Asọ̀rọ̀mágbèsì: Àìṣègbè Rédíò Ìjọba Nígbà Àríyànjiyàn Òmìnira, 1953

Àwọn onímọ̀ èdè a máa fi asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, ṣe àpẹẹrẹ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Wọn kì í sábà kíyè sí i pé ẹ̀sùn wà nínú orúkọ náà. Ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì yóò ṣòro fún un láti ṣe é láìṣègbè. Ọdún 1953 ni ẹ̀sùn yìí hàn gedegbe.

Ní ọjọ́ 31, oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní Ilé Aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Sàdáúnà Sókótó fẹ́ kí a yọ ọdún náà kúrò, kí a fi 'nígbà tí ó bá ṣeé ṣe' dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn aṣòfin Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti ti NCNC jáde kúrò nínú ilé. Lẹ́yìn èyí ni Gómìnà John Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó sì dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lẹ́bi. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un.

Ẹnìkan lè wí pé Awólọ́wọ̀ ní ìwé ìròyìn Tribune lọ́wọ́ láti 1949, kí ó fèsì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé ní Ìkirun, Inísà tàbí Òkukù, etí ni ó fi ń ka ìròyìn. Bí ó bá tilẹ̀ rí rédíò gbọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́. Yorùbá sì ti sọ irú ènìyàn tí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá jẹ́. Àwíjàre kejì ni pé olórí ìjọba ni Gómìnà, kì í ṣe olóṣèlú. Èyí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Òpin àṣẹ Gómìnà gan-an ni àbá náà ń bèèrè fún. Ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù ú lọ?

Kì í sì í ṣe pé òfin ìfèsì ṣàjèjì sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1947 ni àdéhùn ti wà láàrin BBC àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wọn pé bí mínísítà bá sọ ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀, alátakò lè rí àyè fèsì. Ní oṣù Bélú, 1956, Anthony Eden sọ̀rọ̀ lórí ìjà Suez; ní ọjọ́ kejì, Hugh Gaitskell dá a lóhùn lórí BBC. Láti BBC ni Tom Chalmers, olùdarí àkọ́kọ́ fún rédíò ìjọba Nàìjíríà, ti wá. Wọ́n kó ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ wá; àdéhùn ìfèsì ni wọn kò kó wá.

Ìdáhùn Ìwọ̀-Oòrùn ni kí wọ́n ní tiwọn. Òfin Ìpìlẹ̀ 1954 fún agbègbè ní àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959. Ìyìn tí àwọn òǹkọ̀wé fún iṣẹ́ yìí tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tètè dákẹ́. Ẹni tí ó ní ló yàtọ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn dàrú ní 1965, ọ̀rọ̀ Prémíà S. L. Akíntọ́lá ni rédíò Ìbàdàn fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó kọ̀wé béèrè àyè. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wọlé, ó sì mú kí wọ́n fi téèpù mìíràn dípò ti Prémíà. A fi ẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí.