Káàdì Tó Ń Bọ́mọ Relé

"Kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ kí wọ́n tó lu aago eré." Ohun tí tíṣà kan lè kọ sórí káàdì pélébé nìyẹn, fún ọmọ tó ní ADHD. Ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan, kì í lè fìdí kalẹ̀ sórí àga, ẹnu rẹ̀ sì máa ń sáré ju àròjinlẹ̀ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe oríkunkun, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ wo "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta" yẹn dáadáa. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, "Ṣe dáadáa" ni ì bá kọ. Èwo ni dáadáa? Ọmọ ò mọ̀ ọ́n, tíṣà pàápàá ò lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kọ́kọ́ fi ọjọ́ mélòó kan jókòó ka ọmọ náà: lónìí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, lọ́la ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ní kó má ṣe é rárá, ọmọ ti fìdí rẹmi kílẹ̀ tó mọ́. Mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ti tó o rí.

Ní Amẹ́ríkà, káàdì yìí wà lára irinṣẹ́ William Pelham, ẹni tó dá ètò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ yìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida lọ́dún 1980. Oògùn wà o, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n oògùn kì í kọ káàdì.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ohùn. Ọmọ já ọ̀rọ̀ gbà, tíṣà ní, "Èkíní nìyẹn, ó ku méjì," ó sì ń bá ìṣirò rẹ̀ lọ lójú pátákó. Kò wàásù, kò fojú burúkú wò ó. (Níbi tí mo ti ka ìwé, pàṣán ì bá ti sọ tirẹ̀ kí ẹnu tó yà.)

Kí ọmọ tó relé, tíṣà á kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" síwájú ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lórí káàdì. Ó wá ku tilé. Ìyá gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, "bẹ́ẹ̀ ni" ló kọ́kọ́ fìka tọ́, ó yìn ín. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, kó tó jẹun alẹ́ ni yóò gùn ún, nítorí Sátidé jìnnà sí ọmọ yìí bí ìlú òyìnbó. Èyí tó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́", kò bá a jà lé e lórí: "Ọ̀la tún ń bọ̀." Bí káàdì bá sọnù lọ́nà, kò sí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kì í pẹ́ mọ bí a ṣe ń sọ káàdì tí kò dáa nù.

Nígbà tó bá ti ń rí "bẹ́ẹ̀ ni" gbà léraléra, tíṣà á pa mẹ́ta rẹ́, á kọ méjì.