Téṣàn Òkúta Ellicott City

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba Ellicott City kọjá ní Maryland kí n tó yà sí ilé òkúta tó wà ní ìsàlẹ̀ Main Street, lẹ́bàá odò Patapsco. Téṣàn rélùwéè ni. Ọdún 1831 ni wọ́n kọ́ ọ parí, kò sì sí èyí tó dàgbà jù ú lọ nínú àwọn téṣàn tó ṣì wà lórí ìdúró ní Amẹ́ríkà. Mùsíọ́mù ló ti dà báyìí.

Ẹ má retí ilé gogoro. Ńṣe ló rọra fẹ̀yìn ti òkè, òkúta rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí òjò pa. Ẹni tó bá dúró lójú irin kò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá. Àfi kó sọ̀ kalẹ̀ sí títì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe torí èrò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Láti 1772 ni àwọn ọmọ ìyá Ellicott ti ń fi agbára odò lọ àlìkámà níbẹ̀, ìyẹ̀fun wọn sì gbọ́dọ̀ dé Baltimore, ìrìn máìlì 13. Ẹrù ló kọ́kọ́ nilé. Ó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó ṣe yàrá ìjókòó fún èrò, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀.

Ẹṣin ló sì kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀. Wọ́n ṣe àfijọ ọ̀kan síbẹ̀: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pọ́ńbélé, àfi pé orí irin ló ń yí. Ní 1830, Peter Cooper gbé Tom Thumb dé, ẹ̀rọ kékeré tí ooru omi gbígbóná ń tì. Wọ́n ní ó bá ẹṣin sáré, ó ti fi í sílẹ̀ kí bẹ́líìtì rẹ̀ tó yọ, ni ẹṣin bá borí. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹṣin tó gba ife ẹ̀yẹ ọ̀hún, kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ìran rẹ̀!

Inú ilé ẹrù tí wọ́n kọ́ kún un ní 1885 ni rélùwéè ìṣeré ti ń yí ká máìlì 13 náà ní kékeré. Ọmọdé kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Èmi náà kò yára kúrò.

Omíyalé 2016 àti ti 2018 ba Main Street jẹ́ gidigidi. Téṣàn náà kò wó. Rélùwéè akẹ́rù ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá wà nínú yàrá èrò tí ẹ gbọ́ fèrè rẹ̀, ẹ tètè sún mọ́ ojú fèrèsé.