Aṣọ Ni A Ń Gé Bá Ènìyàn Mu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó dá mi lójú pé ẹ ti dé ìsọ̀ aránṣọ rí. Kí ni aránṣọ kọ́kọ́ ń ṣe? Téèpù ni ó ń mú, tí ó fi ń wọn èjìká, àyà àti ìbàdí oníbàárà rẹ̀. Bí aṣọ bá sì fún jù, yóò tú u, yóò tún un rán. N kò gbọ́ ọ rí kí aránṣọ wí fún oníbàárà pé, ‘Lọ febi pa ara rẹ títí aṣọ yìí yóò fi wọ̀ ọ́.’ Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńlá tí àṣà aṣọ tuntun ti ń jáde sí ayé, bíi Paris, Milan àti New York, òdìkejì ni a sábà máa ń rí. Àwọn tí ń dá àrà sí aṣọ a máa rán aṣọ àfihàn ní ìwọ̀n kan tí ó kéré púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá ọmọbìnrin gíga tí yóò wọ̀ ọ́ rìn níwájú èrò. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni a ń pe irú wọn. Èyí tí aṣọ kò bá wọ̀ yóò padà sílé láìríṣẹ́. Eku ni a ń gé kí ó lè gba inú ìtẹ́!

Ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Luisel Ramos, ẹni ọdún 22, kú ní Montevideo ní orílẹ̀-èdè Uruguay, níbi àfihàn aṣọ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ọkàn rẹ̀ ni ó daṣẹ́ sílẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Ana Carolina Reston, ẹni ọdún 21, kú ní São Paulo ní Bùràsíìlì. Ó ga ju mítà 1.7 lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí kílò 40 péré ni ó wọ̀n. Àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní anorexia ni ó ń ṣe é.

Ẹ má ṣe fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì wí pé afẹ́ ni ó pa á. Ẹni tí àìsàn yìí bá mú, ìbáà ṣe obìnrin tàbí ọkùnrin, lè wo dígí kí ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó sanra, nígbà tí egungun ìhà rẹ̀ ti ṣe é kà. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, ara a máa jẹ ọ̀rá tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a jẹ iṣan, ọkàn pẹ̀lú sì jẹ́ iṣan. Nǹkan oṣù obìnrin a dúró, egungun a di ẹlẹgẹ́, ọkàn a sì máa lù ségesège.

Àwọn oníṣòwò aṣọ lè wí pé, ‘Àwa kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni.’ Àwáwí lásán ni. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ẹni tí ń jẹun yó ti sọ ohun tí ó fẹ́ láìlanu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, àwọn olùṣètò àfihàn aṣọ ní Madrid kọ àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ó rù jù. Ísírẹ́lì ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2012; láti ọdún 2017 sì ni Faransé ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí dókítà lọ́wọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ní kí a kọ ọ́ sára àwòrán ìpolówó bí a bá fi ẹ̀rọ dín ara ènìyàn kù. Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tó. Ọmọbìnrin ni ìwé ẹ̀rí ń yẹ̀ wò, kò yẹ aṣọ wò. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ àfihàn bá ṣì kéré, ebi yóò máa wá ẹni tí yóò pa.

Àwòrán wọn ń dé ọ̀dọ̀ yín lórí fóònù. Bí ẹ bá rí ọ̀rẹ́ yín tí ń fi oúnjẹ pamọ́, tàbí tí ń lọ pọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, ẹ tètè sọ fún òbí tàbí olùkọ́, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. A máa ń rí ìwòsàn. Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, bí aṣọ kò bá wọ̀ yín, aṣọ ni ó jẹ̀bi. Ẹ dá a padà fún aránṣọ.