Ìkúùkù tí Picasso Pa Rẹ́

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1937, tí í ṣe ọjọ́ ọjà ní Guernica, ìlú àwọn Basque ní àríwá Sípéènì, bàálù àwọn ará Jámánì àti Ítálì tí ń ran Ọ̀gágun Franco lọ́wọ́ ju bọ́ǹbù lu ìlú náà fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta, iná sì jó o. Pablo Picasso wà ní Párísì nígbà náà. Láti oṣù kìíní ni ìjọba tí àwọn ará Sípéènì dìbò yàn, tí Franco dìtẹ̀ sí, ti bẹ̀ ẹ́ kí ó ya àwòrán ńlá kan fún ilé wọn níbi ìpàtẹ gbogbo ayé ní Párísì, ṣùgbọ́n kò tíì rí ohun tí yóò yà. Nígbà tí ó kà nípa Guernica nínú ìwé ìròyìn, ó rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà iṣẹ́ parí: aṣọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́jọ ní gígùn, ní àwọ̀ dúdú, funfun àti ti eérú nìkan, bí fọ́tò inú ìwé ìròyìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yin àwòrán yìí nítorí pé ó gbè sẹ́yìn àwọn tí a ni lára. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwòrán burúkú pẹ̀lú a máa gbè sẹ́yìn wọn. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni èyí tí ayàwòrán náà yọ kúrò. Dora Maar ya fọ́tò aṣọ náà bí iṣẹ́ ti ń lọ, nítorí náà ipasẹ̀ ọwọ́ Picasso hàn kedere. Nínú fọ́tò kìíní, jagunjagun tí ó ṣubú na apá rẹ̀ sókè ṣánṣán ní àárín àwòrán, ó ká ọwọ́ jọ ní ìkúùkù, bí àwọn alátakò Franco ti í kí ara wọn. Nínú èkejì, ìkúùkù náà di ewéko mú, oòrùn sì ràn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, apá náà pòórá. Oòrùn di ohun kan bí ẹyinjú, tí gílóòbù iná mànàmáná wà nínú rẹ̀. Orí ẹṣin tí ń ké ìrora ni ó wá gòkè sí àárín. Idà tó ṣẹ́ àti òdòdó kékeré kan ni ó kù lọ́wọ́ jagunjagun.

Kì í ṣe pé Picasso kò mọ èébú. Ní oṣù kìíní ọdún náà ó ti fín àwọn àwòrán kéékèèké tí ó fi Franco ṣẹ̀sín bí ohun ìríra, wọ́n sì tà wọ́n láti ran ìjọba náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú Guernica kò sí Franco, kò sí bàálù kan ṣoṣo. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí a bá fi hàn yóò kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ṣe é. Kí olùkọ́ má yára dá a lóhùn. Kí ó jẹ́ kí ó wo ìyá tí ó gbé òkú ọmọ lọ́wọ́, tí ó gbójú sókè. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí.

Èyí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Anthony Blunt, lámèyítọ́ ará Ìlú Ọba, kọ ọ́ ní 1937 pé ìrora ti ara rẹ̀ ni Picasso ń ké. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1944 Picasso wọ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Faransé, nígbà tí ó sì di 1951 ó ya ìpakúpa ní Kòríà: àwọn obìnrin àti ọmọdé ní ìhòhò ní apá kan, àwọn ológun tí wọ́n na ìbọn sí wọn ní apá kejì. Ní ìwò kan ṣoṣo, ohun gbogbo ti yé olùwò. Kò sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́.

Niu Yọ́ọ̀kì ni Guernica wà fún ọdún púpọ̀, nítorí Picasso ní kí a má gbé e lọ sí Sípéènì títí òmìnira ará ìlú yóò fi padà síbẹ̀. Òun kú ní 1973, Franco ní 1975. Ní 1981 ni àwòrán náà dé Madrid. Wọ́n gbé e sẹ́yìn gíláàsì tí ọta ìbọn kò lè là kọjá, àwọn oníbọn sì ń ṣọ́ ọ.