Ọgbọ́n Olùkọ́ Tí Ń Kọ́ Àlejò ní Ohùn Yorùbá

Nínú iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ni ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni, ìyẹn èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn tí ó ti mọ èdè àbínibí rẹ̀ sọ, kíkọ́ni ní ohùn ni ó gba ọgbọ́n jù. Mẹ́ta ni ohùn Yorùbá, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tí a máa ń pè ní mí, re àti dò.

Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ó máa ń kọ́kọ́ kun ohùn lásán láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, re-re, re-mí, dò-dò, títí etí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbà á, kí ó tó wá fi igba, igbá àti ìgbà sí i, nítorí pé ohùn nìkan ni ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ibẹ̀ náà ni gb ti ń yọjú, kọ́ńsónáǹtì tí a ń fi ètè méjèèjì àti ẹ̀yìn ahọ́n pè lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pín sí g àti b.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti òpè. Àkóbá èdè àbínibí ni, ìyẹn bí àṣà èdè àkọ́kọ́ ṣe ń wọnú èdè tuntun. Olùkọ́ tó dáńtọ́ a mọ orísun rẹ̀, a sì tún un ṣe láìdójú ti akẹ́kọ̀ọ́, sùúrù tí ó ṣọ̀wọ́n ju ìmọ̀ lọ. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní irú olùkọ́ yìí má ṣe fi ohùn inú ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀.